Irin Àlòkù Tí Suara Kò Dà Nù

Bí ẹ bá fẹ́ bá Suara sọ̀rọ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni kí ẹ dúró sí. Etí òsì ti lọ. Ọdún méjìdínlógójì ló ti ń lu irin ní Dọ̀pẹ̀mú, irin náà sì ti gba etí kan lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni gba owó orí. Òun fúnra rẹ̀ kì í ṣàròyé. Yóò ní, "Ìyá Láolú, kí ni mo fẹ́ fi etí méjì gbọ́ ní Èkó yìí? Ẹyọ kan tó kù gan-an, ariwo ti fẹ́ pa á." Lẹ́yìn náà ni yóò gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ara ọkọ̀, yóò máa fà á lọ díẹ̀díẹ̀ bí ìyá tó ń wá ibi tí ara ọmọ ti gbóná, yóò sì fi ìka kan tọ́ ibì kan. "Ibí yìí wọlé." Èmi á wò ó títí, n kò ní rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti fi òòlù kékeré kàn án lẹ́ẹ̀mẹta, tí oòrùn sì bọ́ sí i lára, èmi náà á mọ̀ pé ó wọlé tẹ́lẹ̀ lóòótọ́, torí ó ti jáde.

Pánẹ́ẹ̀lì bítà ni. Ìjẹ̀bú ló ti wá, ó ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún, ó tínrín, apá rẹ̀ sì le bí okùn tí wọ́n fi ń fa ọkọ̀. Mò ń kọ̀wé nípa rẹ̀ nítorí ọpẹ́ rẹ̀ wà lọ́rùn mi, kì í sì í ṣe irú ọpẹ́ tí a ń dá lẹ́nu ọ̀nà kí a tó wọ kẹ̀kẹ́ padà sílé.

Ìfàkò ni èmi ń gbé. Sùtánà ni mò ń rán fún àwa ìjọ Aládùúrà, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ọkọ mi, Ọlọ́runníyì, wa ọkọ̀ fún ọ̀gá ilé-iṣẹ́ oníke kan ní Ìkẹjà fún ọdún mọ́kàndínlógún. Mẹ̀sí ọlọ́yẹ́ ni ọkọ̀ náà, ti ọdún 1989, èyí tí àwọn ará Èkó ń pè ní Fí-búùtù, àwọ̀ ewé tó ṣú ló ní. Nígbà tí ọ̀gá ra tuntun, wọ́n ti Mẹ̀sí yẹn sẹ́yìn ilé-iṣẹ́, alángbá ń bímọ sínú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọkọ mi fẹ̀yìntì, wọ́n bi í léèrè ohun tó fẹ́ kí wọ́n fi ta á lọ́rẹ. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gba fíríìjì, wọ́n gba tẹlifíṣàn. Ọkọ mi ní ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn ilé ni òun fẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Èmi ò rẹ́rìn-ín ní tèmi, mo bínú. Mo ní, "Bàbá Láolú, fíríìjì wa ti kú, ẹ wá lọ gbé òkú mìíràn wálé."

Ó ní, "Òkú kọ́. Ó sùn ni."

Ṣọ́ọ̀bù Suara ló ti jí. Ọdún mẹ́ta gbáko ló gbà. Bí owó bá wọlé, wọ́n á ṣe díẹ̀. Bí owó ò bá sí, ọkọ mi á ṣáà lọ jókòó síbẹ̀, òun àti Suara á jọ máa wo irin bí àwọn àgbà tó ń wo ayò. Nígbà tí wọ́n fi máa parí rẹ̀, mo rí ojú ara mi nínú ìlẹ̀kùn ọkọ̀ náà kedere, mo sì tún gèlè mi ṣe níwájú rẹ̀.

Suara ní àṣà kan, òun ni mo fẹ́ kí ẹ mú dání. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí ẹni tó ń tún ọkọ̀ ṣe l'Ékòó bá sọ pé òun ti pààrọ̀ nǹkan, oníbàárà tó bá gbọ́n á bi í pé, "Àlòkù rẹ̀ dà?" Àwọn mìíràn á sì mú àlòkù ọkọ̀ ẹlòmíràn wá hàn án láìṣẹ́jú. Nígbà tí Suara ń kọ́ṣẹ́ ní Agége, ọ̀gá rẹ̀ gba owó irin tuntun lọ́wọ́ tíṣà obìnrin kan, pọ́tì tó dà bí amọ̀ ló fi dí ojú ihò, ó kùn ún lọ́dà. Òjò mẹ́ta kò tíì rọ̀ tí pọ́tì fi já bọ́. Obìnrin náà padà wá, ó bèèrè àlòkù. Ọ̀gá ní, "Suara ló dà á nù." Ojú gbogbo ènìyàn ni obìnrin náà ti pe Suara ní olè, òun tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, tí kò sì lè ja ọ̀gá rẹ̀ níyàn. Ó ní láti ọjọ́ náà ni òun ti pinnu pé ẹni tó bá yọ nǹkan lára ọkọ̀ ènìyàn gbọ́dọ̀ lè fi ohun tó yọ hàn.

Bí oníbàárà bá wá gbé ọkọ̀, Suara á kó àlòkù lé e lọ́wọ́. Bí kò bá fẹ́ kó o lọ, Suara á so ó, á fi pamọ́ sínú dírọ́ọ̀mù lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ì báà ṣe ọdún mẹ́wàá. Àwọn ará àdúgbò ń pe ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ibojì Irin. Sùlíyá, ìyàwó rẹ̀, sọ lójú mi pé, "Ẹ bá mi bi í o, ẹ̀yin Ìyá Láolú, ṣé èmi ló fẹ́ ni àbí ìpẹtà?" Ọkọ mi ní kí ó bá òun tọ́jú tiwa síbẹ̀, torí ó mọ̀ pé bí òun bá kó irin wálé, èmi á kó òun àti irin síta.

Ọkọ mi sùn ní ọdún tó kọjá, nínú oṣù Agẹmọ. Nínú ìjọ tiwa, bí alàgbà bá lọ, sùtánà ni a ń wọ̀ fún un, a sì ń gbé Bíbélì rẹ̀ lé e láyà. Kì í ṣe òfin, àṣà wa ni. Èmi ni mo rán sùtánà tó wọ̀ lọ. Èmi náà ni mo gbé Bíbélì lé e láyà, pẹ̀lú àpò aláwọ rẹ̀ tó ní síìpù, torí ọwọ́ mi ń gbọ̀n, n kò lè ṣí síìpù náà. Ẹ rántí àpò yẹn.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọkọ̀ náà dúró sí iwájú ilé. Kò sẹ́ni tó ń wà á. Láolú, ọmọ mi tó wà ní Ìbàdàn, ní òun ti rí ẹni tó máa rà á.

Mo ní, "Ṣé kí onítọ̀hún lè máa wà á ni?"

Ó ní, "Rárá, Màámi. Ó máa tú u tà ni. Ó ní ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dára."

N kò sùn dáadáa lóru yẹn. Ohun tí ọkọ mi fi ọdún mẹ́ta tò jọ, wọ́n á fi ọ̀sán kan tú u ká.

Ibi tí mo wà nìyẹn tí Fọlábí fi wá. Fíìmù ni ọ̀dọ́kùnrin yìí ń yà, Àgídìngbì ni ọ́fíìsì wọn wà. Sùtánà méje ló wá gbé fún mi rán fún àwọn tó ń ṣeré. Kò tíì kí mi tán tó fi yí padà sí ọkọ̀ náà.

"Mọ́mì! Ọmọ ta ni arẹwà yìí?"

"Opó bíi tèmi ni," ni mo dá a lóhùn.

Ó yí i ká lẹ́ẹ̀mẹta. Ìtàn ayé àtijọ́ díẹ̀, ìgbà tí Fí-búùtù jẹ́ ọkọ̀ àwọn ọlọ́lá, ni wọ́n fẹ́ yà, oṣù mẹ́ta gbáko ni wọ́n sì máa yá a lò, wọ́n á máa san owó lóṣooṣù. Bí ó bá ṣe dáadáa, iṣẹ́ mìíràn á tún tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n ó ní ilé-iṣẹ́ wọn kì í gba ọkọ̀ tí kò ní inṣọ́ránsì tó pé. "Kì í ṣe tádì-pátì o, Mọ́mì. Èyí tó jẹ́ pé bí iná bá jó o, tàbí tí wọ́n bá jí i, iye tó tó gan-an ni wọ́n á san fún yín. Bí mo bá ba ọkọ̀ tó tó báyìí jẹ́, tí wọ́n wá fún yín lówó ẹran àsun, ojú wo ni màá fi wò yín?" Ó fún mi títí di ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí ìwé ò bá tíì jáde nígbà náà, wọ́n á lọ gbé òmíràn ní Ìkòròdú.

Mo pe Láolú. Ó ní, "Màámi, bí wọ́n bá gbà á, mi ò ní dárúkọ títà mọ́. Ṣùgbọ́n bí wọn ò bá gbà á, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí ọkùnrin yẹn wá gbé e." Mo gbà. Àdéhùn lọ̀rọ̀ náà dà.

Ọjọ́ Ajé ni mo dé ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan ní Ìkẹjà. Ọmọbìnrin tó ń díye lé ọkọ̀ níbẹ̀, Damaris ni orúkọ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí mi kí ó tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ó tẹ̀ ẹ́, ó wò ó, ó ní mílíọ̀nù kan àti ọ̀kẹ́ mẹ́wàá náírà ni wọ́n lè kọ sí i.

"Mọ́mì, ẹ máà bínú. Ọkọ̀ 1989 ni. Bí ọkọ̀ bá ṣe ń dàgbà ni iye rẹ̀ ń wálẹ̀."

Mo ní, "Ọmọ mi, èmi náà ń dàgbà. Ṣé iye tèmi ń wálẹ̀ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ bo ẹnu. Ó wá fà mí mọ́ra bí ọmọ tó fẹ́ là mí lójú. Ó ní ọ̀nà mìíràn wà fún ọkọ̀ tí wọ́n bá tún ṣe bọ̀ sípò, tàbí èyí tí kò wọ́pọ̀ mọ́. Ilé-iṣẹ́ àti oníǹkan á jọ wo ọkọ̀ náà, wọ́n á fẹnu kò sí iye kan, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí aburú bá ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, iye yẹn náà ni, kò sẹ́ni tó máa ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ka ọdún orí rẹ̀. Iye àdéhùn ni wọ́n ń pè é. Owó tí a ń san lọ́dọọdún á pọ̀ jù ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìyẹn yé mi. Fọlábí ti ní àwọn á yọ ọ́ nínú owó oṣù àkọ́kọ́.

"Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ rí ẹ̀rí, Mọ́mì. Rìsíìtì, fọ́tò ìgbà tí wọ́n ń tún un ṣe. Kí n mọ̀ pé irin ni, pé kì í ṣe pọ́tì ni wọ́n fi bo ihò. Ọ̀dà máa ń purọ́."

Inú mi dùn. Mo ní, "Gbogbo rẹ̀ ló wà. Ọkọ mi kó wọn síbì kan ṣoṣo. Ó ní kò sí olè tó ń jí Bíbélì, torí náà inú àpò Bíbélì rẹ̀ ni ó..."

Mo rántí síìpù tí n kò lè ṣí.

Damaris ní, "Mọ́mì? Ṣé kò sí?"

Mo dìde, mo ní màá padà wá. Ìta ni mo ti pe Láolú. Mo ṣàlàyé títí.

"Màámi. Ẹ sin rìsíìtì mọ́ Bàbá?"

"Ọwọ́ mi ló ń gbọ̀n."

Mo gbọ́ tí nǹkan kan bú lọ́fun rẹ̀, mo rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni. Ó rẹ́rìn-ín títí èmi náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, àwọn ènìyàn ń wò mí. Láti ọjọ́ tí a ti sin bàbá rẹ̀, a kò tíì jọ rẹ́rìn-ín. Ọpẹ́ kan nìyẹn náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín tán, ó ní, "Màámi, ẹ rántí àdéhùn wa o."

Mo gba Dọ̀pẹ̀mú lọ tààrà. Mo bá Suara lábẹ́ ọkọ̀ kan, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ròyìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, mo sunkún sí i. Nígbà tí mo parí, ó yọ orí jáde, ó ní, "Háà, Ìyá Láolú! Ìgbà wo lẹ dé?" Etí òsì ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Mo yí sí ọ̀tún, mo tún gbogbo rẹ̀ sọ. Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹkún ò jáde mọ́.

Suara rẹ́rìn-ín. "Alàgbà gbọ́n o. Wọ́n kó rìsíìtì dání, kí wọ́n má baà bi wọ́n lọ́hùn-ún pé níbo ni wọ́n ti rówó tún Mẹ̀sí ṣe." Ó nu ọwọ́. Ó dìde. "Ṣùgbọ́n ìwé lẹ sin. Ẹ ò sin irin."

Ó mú mi lọ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Ó ṣí dírọ́ọ̀mù kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ irin jáde lọ́kọ̀ọ̀kan: ilẹ̀ ọkọ̀ tí ìpẹtà ti jẹ di ajere, ẹsẹ̀ ìlẹ̀kùn, etí búùtù, páìpù bíréèkì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi aṣọ funfun so. Suara kò mọ̀wé, aṣọ ló fi ń mọ irin oníbàárà kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Mo gbé ọ̀kan sókè. Mo rí ìlà òwú búlúù tín-ín-rín létí aṣọ náà. Mo mọ ọwọ́ abẹ́rẹ́ mi. Sùtánà ọkọ mi àtijọ́ ni, èyí tí mo wá títí tí n kò rí.

Suara ní, "Alàgbà, wọ́n ní kí n fi nu ọkọ̀. Aṣọ àdúrà ni, mi ò lè fi nu gíríìsì. Ni mo bá fi ń so nǹkan wọn."

Mo kàn ń ka irin náà, mo ń ka aṣọ náà.

Ọjọ́bọ̀, Damaris wá wo irin náà bí mo ṣe bẹ̀ ẹ́. Mo ti ní kí Láolú bá mi wa ọkọ̀ náà wá sí ṣọ́ọ̀bù. Suara ti tẹ́ táàpólì sílẹ̀, ó to irin àlòkù sórí rẹ̀ bí wọ́n ṣe tò lára ọkọ̀: ti iwájú níwájú, ti ẹ̀yìn lẹ́yìn. Gbogbo àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àdúgbò ti pé jọ. Abdulqoyum, tó ń ṣe wáyà ọkọ̀, pariwo pé, "Suara, ṣé ọjọ́ àjíǹde ti dé ni? Ibojì ti ṣí o!"

Suara ní, "Ó ti ṣí. Dúró síbẹ̀, kí wọ́n má baà pe orúkọ rẹ."

Damaris bọ́ bàtà gíga, ó wọ sílípáàsì, ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀. Ó mú irin kan láàárín. "Bàbá, èyí ńkọ́?" Suara gbà á, kò wò ó rárá, ó fi àtànpàkò yí etí rẹ̀ ká. "Abẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó lẹ́yìn, lápá òsì. Omi ló jẹ ẹ́." Wọ́n ká kápẹ́ẹ̀tì sókè níbẹ̀. Irin tuntun wà níbẹ̀, ojú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀ tẹ̀ bí etí àlòkù náà ṣe tẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó mú òmíràn, ó tún rí bẹ́ẹ̀. Ó ya fọ́tò, ó kọ̀wé.

Ó wá yọ irin ònfà kékeré tí ó fi aṣọ wé, ó ń gbé e lé ara ọkọ̀ níbi gbogbo. Níbi tí irin bá wà, ònfà á lẹ̀ mọ́ ọn. Níbi tí pọ́tì bá nípọn, á já bọ́. Ó lẹ̀ níwájú, ó lẹ̀ ní ìlẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ń bọ̀ lẹ́yìn nígbà tí Suara ní, "Ẹ dúró, ọmọ mi. Lókè táyà ẹ̀yìn yẹn, pọ́tì wà níbẹ̀ o."

Ẹ̀rù bà mí. Mo ń ṣẹ́jú sí Suara pé kó dákẹ́, kò tiẹ̀ rí mi. Láolú wò mí.

"Ibẹ̀ ni Alàgbà ti fi ọkọ̀ ha ògiri ọ̀gá wọn nígbà kan," ni Suara ń sọ lọ. "Mo fẹ́ gé e kúrò. Wọ́n ní kí n má gé e, pé ojú àpá àwọn ni. Mo nà án, kò dọ́gba tán, mo fi pọ́tì lé e. Ó tó àtẹ́lẹwọ́ kan."

Damaris gbé ònfà sí i. Ó já bọ́, tòó. Ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, ó lẹ̀. Ó wọ̀n ọ́n. Àtẹ́lẹwọ́ kan ni lóòótọ́.

Ó dìde, ó gbọn eruku orúnkún. Ó ní, "Bàbá, ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Kò tíì sẹ́ni tó fi ibi tí pọ́tì wà hàn mí kí n tó débẹ̀. Ẹni tó sọ èyí tó lè fi pamọ́, mo gba gbogbo èyí tó fi hàn." Ó wá ní, "Mo fẹ́ orúkọ yín. Àyè orúkọ ẹni tó tún un ṣe wà nínú ìwé wa."

"Suara."

"Suara kí ni?"

"Suara Pánẹ́ẹ̀lì."

Sùlíyá pariwo láti ẹ̀yìn, "Suara Odùsànyà! Ó ní bàbá o, wọn ò rí i lábẹ́ ọkọ̀!"

Ìwé náà jáde ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Mílíọ̀nù mẹ́jọ ààbọ̀ ni iye àdéhùn. Fọlábí gbé ọkọ̀ lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Láolú sì pe ọkùnrin tó fẹ́ tú u tà, ó ní kò sí lọ́jà mọ́, kò sí lọ́jà láéláé. Mo gbọ́ "láéláé" yẹn, mo dúpẹ́.

Mo mú ìwé náà lọ fún Suara. Mo dúró lọ́wọ́ ọ̀tún, mo kà á sí i létí. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n kọ pé, "Ẹni tó tún ọkọ̀ ṣe bọ̀ sípò: Suara Odùsànyà, Dọ̀pẹ̀mú," ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó bèèrè bóyá ilé-iṣẹ́ náà ní irú ìwé yẹn lọ́wọ́ pẹ̀lú. Mo ní wọ́n ní in. Ó mi orí pé ó dára, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ìró òòlù fún ìgbà díẹ̀.

Mo fún un lówó, ó kọ̀ ọ́. Ó ní tí mo bá fẹ́ ṣe nǹkan, aṣọ tí òun fi ń so irin ti ń tán. Nítorí náà, bí mo bá ti rán sùtánà tán báyìí, n kì í da àjákù rẹ̀ nù mọ́. Mo ń gé e ní tẹ́ẹ́rẹ́, mo ń ká etí rẹ̀ kó má baà tú, mo sì ń fi òwú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ rán an: búlúù, pupa, ewé, kí Suara lè mọ ti oníbàárà kan yàtọ̀ sí òmíràn. Ó ti tó àpò kan tí mo gbé lọ. Bí ẹ bá dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù náà, ẹ ó rí irin àwọn ẹlòmíràn níbẹ̀ tí wọ́n wọ aṣọ funfun, wọ́n ń dúró de ọjọ́ tí ẹnìkan á bèèrè wọn.